Ọ̀nà Tààrà Tó Wà Nínú Fóònù

Ẹ̀yin ará, ẹ má kàn fojú fo ìtàn yìí o. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín máa ń rìnrìn àjò.

1.
Aránṣọ ni obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ ń wa bàálù kékeré kan tó ń kó oògùn àti aláìsàn láti pápákọ̀ òfurufú ìlú kékeré tiwọn lọ sí ti ìlú kékeré mìíràn lẹ́yìn òkè. Ilé wọn tòrò, àfi ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí wá gba aṣọ.

"Ọ̀rẹ́ mi, wo máàpù inú fóònù mi. Láti pápákọ̀ tiwa dé tọ̀hún, ìdajì wákàtí péré ni fún bàálù. Bàbá àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ó máa ń tó wákàtí kan àti ààbọ̀."

Onídìrí yínmú. "Ó dáa. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Kò sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ tán. Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀.

2.
"Ibo lo máa ń yà sí?" Ọkọ ò tíì bọ́ bàtà tó fi bi í.

Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ, bí ẹyẹ ṣe ń fò ni fóònù ń wò. Òkè ló wà láàárín. Atẹ́gùn ibẹ̀ le, bàálù mi ò sì lágbára tó o. Ojú odò la máa ń gbà yípo."

"Ṣé òkè náà ló ń kun àtíkè?" Ó na ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ wọ̀ lánàá sí i. Òórùn àtíkè wà léjìká rẹ̀.

"Aláboyún tí mo gbé lọ sílé ìwòsàn ló fara tì mí."

Àlàyé yẹn ò wọ obìnrin náà létí. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ bá ti gbéra, á pe àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kejì: "Ṣé ó ti dé? Ta ló bá a sọ̀ kalẹ̀?" Ni wọ́n bá ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn, ó là á mọ́lẹ̀: "Bí o bá lò ju ìdajì wákàtí lọ lónìí, ìta lo ó ti bá ẹrù rẹ."

"Ìyàwó mi," ni ìyá wí, "ẹni tó ń lọ sókè, a kì í fi ìjà sìn ín."

"Màámi, ẹ̀yin náà lẹ ń bò ó láṣìírí!"

Ọkọ dìde. Kò jẹun. Ó mú fìlà, ó lọ.

4.
Ìdajì wákàtí kọjá. Obìnrin náà pe pápákọ̀ kejì; wọ́n ní kò tíì dé. "Mo mọ̀!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da aṣọ ọkọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà ló kù tí fóònù fi dún. Ọ̀gá pápákọ̀ ni.

"Ìyá, ẹ jókòó ná. Bàálù ti já sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Àárín òkè ló gbà tààrà, bẹ́ẹ̀ kò ṣe irú ẹ̀ rí."

A dúpẹ́, òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ tètè dé ni."

Aránṣọ wó lulẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni ọkọ wí, "ṣùgbọ́n ilé ìyá mi ni mo ń lọ. Mi ò lè máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́."

Onídìrí ńkọ́? Ó ní eré lòun ń ṣe. Kò yà sọ́dọ̀ aránṣọ mọ́.

Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ọkọ, ẹ ṣọ́ra. Bí ọkàn yín bá ń fura, ẹ béèrè, kí ẹ sì fetí sí èsì. Ẹni tó dá iná sílé yín ò ní bá yín pọn omi tí ẹ ó fi pa á. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn àlòjù, májèlé ni.