Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Sítíkà

Ẹni tó ra takisí Radhamés ò fẹ́ orúkọ ìyàwó oníyàwó lẹ́yìn ọkọ̀ òun.

Nereida bá gbé omi gbígbóná jáde láti yọ sítíkà orúkọ ara rẹ̀.

Obdulia ń tọ́ ọ sọ́nà. Òun ló mú Radhamés wá fún un níjọ́sí, ó ní àbúrò òun ni.

“Má fọ̀bẹ kàn án, ọ̀dà á bó. Fi òróró pa á, kó o rọra ṣí i láti igun.”

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Gbé e wá jàre. Lọ se kọfí wa.”

Nereida ò lọ. Sítíkà ṣí wẹ́rẹ́, ọ̀dà ò bó.

Oòrùn ti pa àwọ̀ ibẹ̀ dà tipẹ́, àfi ibi tí orúkọ kan ti kọ́kọ́ wà kí tirẹ̀ tó dé.

Obdulia.

“Àbúrò ẹ, àbí?” ni Nereida bi í.