Àkísà Pupa Tí Ọ̀gá Kíákíá Tú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. 

1.
Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ gbà síṣẹ́ ló ń wọ kóòtù búlúù. Àwọn tí àjẹ́ńsì tó ń báni wáṣẹ́ kó wá, aṣọ ọrùn wọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ ni àwọn ti àjẹ́ńsì yìí ń tò sẹ́nu géètì. Ẹni tí ọ̀gá wọn bá fọwọ́ kàn léjìká ló máa wọlé. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn, ó di ilé nìyẹn.

Ọ̀gá Kíákíá ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Àjẹ́ńsì ló mú òun náà wá níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí máníjà ilé-iṣẹ́ gbé kóòtù búlúù wọ̀ ọ́, tó ní kó máa darí àwọn yòókù, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́. Kò béèrè pé ṣé ilé-iṣẹ́ ti gba òun ni, àbí kóòtù lásán ni. Lójú tiẹ̀, òun kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn mọ́.

2.
Ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń lọ aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Irin gbígbóná méjì ló ń yí nínú ẹ̀. Bọ́tìnnì pupa tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó dúró lójijì ti kú. Ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì so àkísà pupa mọ́ ẹ̀rọ náà. Àṣà wọn níbẹ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ tó bá ti ní àkísà pupa lára, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìyá yìí lọ bá Ọ̀gá Kíákíá.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa sọ fún máníjà kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀rọ yìí máa gba ọwọ́ lọ́wọ́ èèyàn."

"Ìyá, iṣẹ́ lẹ wá ṣe, àbí ẹjọ́ lẹ wá rò?"

"Ọwọ́ yìí nìkan ni mo ní, ọ̀gá. Òun ni mo fi ń jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Kíákíá fọwọ́ kan ẹni tó wà níwájú ìyá yìí, ó fọwọ́ kan ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá yìí nìkan ló fò dá. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ìyá náà fi dẹ́kun wíwá. Àwọn tó kù rí i, wọ́n panu mọ́. Ta ló fẹ́ kí ebi pa ọmọ òun?

3.
Ọ̀gá Kíákíá ní àbúrò obìnrin kan. Ọmọ ìyá ni wọ́n, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Télọ̀ ni àbúrò yìí, ó mọ aṣọ rán dáadáa, àmọ́ kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ tiẹ̀. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó bá òun wá iṣẹ́ títí òun á fi rí ọ̀kan rà. Ipò Onígíláàsì tó ṣófo ni ẹ̀gbọ́n fi í sí.

Ó di ọjọ́ tí àwọn oníbàárà ńlá fẹ́ wá wo ilé ìfọṣọ. Máníjà ní òun ò fẹ́ rí ẹ̀rọ kankan tó dúró. Ọ̀gá Kíákíá lọ sídìí fèrèsé, ó tú àkísà pupa, ó fi í sápò kóòtù. Ó wá wò yíká ẹni tí kò ní bá òun jiyàn. Àbúrò ẹ̀ ló pè.

"Àǹtí mi, ṣé wọ́n ti tún eléyìí ṣe ni?"

"Ṣé o rí àkísà lára ẹ̀ ni?"

"Rárá, mi ò rí i."

"Ó tán. Ṣe kíá."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló gbọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn la ẹnu, ó rántí géètì, ó tún pa á dé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ má tíì bú u. Ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́?

4.
Àwọn àlejò ń bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ kan ká kò lẹ́nu ẹ̀rọ. Àbúrò na ọwọ́ kó fà á tọ́, irin mú ẹnu apá ẹ̀wù ẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì pupa. Ó tún un tẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì lù ú, ó ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kí ẹnì kan tó sáré lọ pa iná lára ògiri, ọwọ́ ọ̀tún ti wọlé dé ọrùn ọwọ́.

Àwọn dókítà ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Àwọn ìka yẹn ò lè ká mọ́.

5.
Ọ̀gá Kíákíá lọ bá máníjà pé kí wọ́n sanwó ìtọ́jú àbúrò òun. Máníjà ní, "Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Lọ bá àjẹ́ńsì." Àjẹ́ńsì ní, "Ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹlẹ̀. Padà lọ bá wọn." Ọ̀rọ̀ di bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá síra wọn.

Ó padà dé ọ̀dọ̀ máníjà, ó ní, "Sà, èmi òṣìṣẹ́ yín ni mò ń bẹ̀ yín."

"Òṣìṣẹ́ ta ni? Àbí àjẹ́ńsì kọ́ ló mú ìwọ náà wá? Bọ́ kóòtù yẹn sílẹ̀."

Ibi tó ti ń bọ́ ọ ni àkísà pupa ti já bọ́ nínú àpò.

Ẹ mọ ẹni tó wá sílé wọn? Onígíláàsì ni. Òun ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé òfin ìlú dáàbò bo ẹni tí àjẹ́ńsì mú wá náà, pé wọn ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni torí pé ó sọ̀rọ̀ ewu síta. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ àti àjẹ́ńsì lẹ́jọ́; ẹjọ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé yàrá wọn báyìí, ẹ máa bá àbúrò níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ aṣọ rírán. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí mi, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n gé òwú míì, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé ẹlẹgbẹ́ yín lórí, ẹ wádìí ẹni tó ni kóòtù tẹ́ ẹ wọ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá ní ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ má lé òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tò sẹ́nu géètì, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan dá sọ̀rọ̀, ẹ jọ sọ ọ́. Wọn ò lè fo gbogbo yín dá. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.