Àdúrà tí Mojírọ́lá kò lè parí

Mojírọ́lá nìkan ló ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn akọrin sí, ni ilẹ̀kùn bá pa dé gbàà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fà á títí, kò ṣí. Iná tún lọ.

Ló bá gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan húkọ́, ara Mojírọ́lá sì bù máṣọ. Ikọ́ Ìbídùn àbúrò rẹ̀ ni, ẹni tó sọ kiri pé Mojírọ́lá ló pa ọkọ ara rẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí Ìbídùn kú, tí wọ́n sì sin ín lọ́dún tó kọjá, Mojírọ́lá kò débẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa. Nígbà tó dé ibi ìdáríjì, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún há sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn kan sọ jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa lọ."

"Ta ló dì ọ́ mú? Ṣebí ìta lo wà?"

Ikọ́ nìkan ló dá a lóhùn.

Mojírọ́lá bú sẹ́kún. "Ó dùn mí, Ìbídùn. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n nítorí Jésù tó dárí jì mí, mo dárí jì ọ́."

Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Kí Mojírọ́lá tó gbé ẹsẹ̀, ẹnì kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá láti inú yàrá, aṣọ onítọ̀hún kan apá rẹ̀, sálúbàtà sì wọ́lẹ̀ kọjá lọ síta.