Ẹ̀jẹ̀ Tó Ní Kóró

Ní àárọ̀ Sátidé, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé awò rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Ọdọọdún ló ń wá kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Kápẹ́ńtà tó kan tábìlì náà, tí kò gba kọ́bọ̀, kò yọjú. Láti Ọjọ́rú tí wẹ́dà àdúgbò ti lù ú bí ẹni máa kú, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́.

“Ẹ̀jẹ̀ adìẹ rèé lórí gíláàsì,” ni onímọ̀ náà wí. “Hóró ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kóró láàárín. Tèèyàn ò ní.”

Bíńtín, ọmọ wẹ́dà, ló kọ́kọ́ wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé gíláàsì pẹlẹbẹ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, igun kan sì kán.

“Ọwọ́ ẹ ò tíì balẹ̀,” ni onímọ̀ náà fi dá a lára yá. “Síbẹ̀, wàá ṣe iṣẹ́ yìí jù mí lọ.”

Ọ̀sán ò tíì pọ́n nígbà tí èrò wọ́ wẹ́dà wọlé. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fáwọn ọmọ láàárọ̀ ló gbé igi dání yẹn. Eyín wẹ́dà méjì ti yọ, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Ẹnìkan gbé táyà, òmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò. Wọ́n ju ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára. Wọ́n ní abẹ́ ibùsùn rẹ̀ làwọn ti rí i, pé ẹ̀jẹ̀ kápẹ́ńtà ló wà lára rẹ̀.

“Adìẹ ni mo pa!” ni wẹ́dà ń ké. “Ẹ jọ̀ọ́, adìẹ ni!”

Igi balẹ̀ léjìká rẹ̀, egungun sì dún.

“Ẹ dúró!” Onímọ̀ náà bọ́ sí àárín wọn. “Awò yìí á sọ fún wa.”

“Ó dáa. Bí kò bá ní kóró, a ó dáná sun ún,” ni oníkẹ́ẹ̀gì wí.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é,” ni Bíńtín bẹ onímọ̀ náà.

Ó gé aṣọ náà díẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ó sì kán omi náà sórí gíláàsì mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lójú awò. Igi tún balẹ̀ lára bàbá rẹ̀, gbogbo èèyàn sì yíjú síbẹ̀.

“Ó ti ṣe tán,” ni Bíńtín wí.

Onímọ̀ náà wò ó. Ó fi àtàǹpàkò bo igun gíláàsì náà, ó sì wo táyà tó wà nílẹ̀.

“Adìẹ ni,” ló wí.

Oníkẹ́ẹ̀gì náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó rí kóró. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ń kùn jáde lọ.

Nílé, Bíńtín ń nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu bàbá rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni bàbá náà ń sunkún, “ìwé tó o kà ló gbà mí.”

Bíńtín yọ gíláàsì kan lápò, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́: “Bàámi, ti ara aṣọ yín rèé, mo wò ó dáadáa, kò ní kóró.”