Ọ̀gá Tó Fẹ́ Kí Odò Dára Nínú Fọ́tò

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí àmì òjò níbì kankan. Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú wà nísàlẹ̀.

1.
Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwé kan. Tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀, omi sì ń jẹ bèbè rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wá gba àwọn ọ̀dọ́ kan pé kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe odò, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́ létí omi. Wọ́n ń sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ẹ rò ó wò: ẹ ń kọ́ṣẹ́, wọ́n tún ń sanwó fún yín! Ṣé irú ẹ̀ pọ̀?

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn. Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é, torí pé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sùn. Wọ́n ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣe dáadáa jù láàárín àwọn akọ́ṣẹ́ máa di òṣìṣẹ́ gidi, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ ni.

"Àǹtí, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ní eyín?" Ọmọdébìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká ló bi í.

"Kò ní o. Ẹ̀yin méjèèjì jọra."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

2.
Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn. Òun ló kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ìtì igi dábùú odò, kí wọ́n kó òkúta sí ẹsẹ̀ bèbè, kí omi má baà máa sáré jẹ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ni àìsàn rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe tí kò ní gbé síta lórí fóònù kí gbogbo ayé rí i.

Ní àárọ̀ tí mo sọ yẹn, ó gbọ́ pé àwọn tó ń gbówó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ń bọ̀ wá wò ó. Ó dé létí odò, ó fajúro.

"Ẹ kó gbogbo pàǹtí yìí kúrò."

"Pàǹtí wo, ọ̀gá?" ni Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ béèrè.

"Igi jíjẹrà yìí, àti òkúta. Mo fẹ́ kí odò yìí dán bíi díńgí."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà lẹ ní a ò gbọ́dọ̀ yọ wọ́n. Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

Ó nàka sókè. "Òjò dà? Fi hàn mí! Àbí ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́? Tí ibí bá ti sú ẹ, sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wá a pọ̀ níta."

Ta ló fẹ́ padà lọ jókòó sí pálọ̀ láìríṣẹ́? Òun àti àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ igi jáde. Ọ̀gá dúró gbọn-in nínú bàtà òjò tí ẹrẹ̀ ò tíì kàn rí, ó nàka sí wọn bí ọ̀gágun, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn ya òun ní fọ́tò. Ó gbé e síta, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi rèé, mò ń darí iṣẹ́."

Àwọn àlejò dé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dá igi padà o," ni Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ wí.

"Àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀. Fara balẹ̀."

3.
Igi ò tíì padà sí àyè rẹ̀ tí òjò fi rọ̀. Omi tí igi ń dá dúró tẹ́lẹ̀ wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó jẹ abẹ́ bèbè wọlé, ó sọ ọ́ di ihò, ṣùgbọ́n koríko orí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ ò lè mọ̀. Nígbà tí òjò dá, àwọn ọmọ wá kẹ́kọ̀ọ́. Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ ní kí wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, òun ò fọkàn tán ilẹ̀ náà. Ọ̀gá gbé fóònù sójú.

"Ẹ sún mọ́ omi. Omi ò hàn."

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n..."

"Yẹra, ò ń dí mi lójú! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ rẹ́rìn-ín!"

Bèbè ya lulẹ̀. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ti ká bá a lọ. Kí ọ̀gá tó sọ fóònù kalẹ̀, Àǹtí ti bẹ́ sómi. Ó gbé e jáde láàyè, ṣùgbọ́n apá ọmọ náà ti kán.

4.
Ní ọ́fíìsì, níwájú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà àti ìyá ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ: "Ọmọbìnrin yìí ló kó igi kúrò láìgbàṣẹ. Mo kìlọ̀ fún un títí."

"Ọ̀gá, ẹ wò mí lójú kẹ́ ẹ tún un sọ."

Kò wò ó. Àwọn akọ́ṣẹ́ yòókù ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ wọ́ igi o, ẹnu wọn ò là! Wọ́n ní kí Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ lọ kó ẹrù rẹ̀.

"Ẹ dúró ná." Ìyá ọmọ ló sọ̀rọ̀. Onídìrí ni. Ó na fóònù rẹ̀ sí ọ̀gá lójú. "Ṣebí ẹ̀yin rèé? Gbogbo àwa òbí la rí i. Èmi gan-an kí yín kú iṣẹ́. 'Mò ń darí iṣẹ́.' Iṣẹ́ wo lẹ ń darí níbí?"

Wọ́n lé ọ̀gá, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ó tán síbẹ̀? Àwọn tó ń gbówó sílẹ̀ kó owó wọn lọ, wọ́n ti ibi iṣẹ́ náà pa. Àwọn tó dákẹ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́, iṣẹ́ bọ́. Àǹtí Ọ̀pọ̀lọ́ padà sí pálọ̀, apá ọmọ ṣì wà nínú báńdéèjì, omi sì tún ń jẹ ilẹ̀ ilé ìwé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ohun tẹ́ ẹ fi ẹnu yín kọ́ ọmọ, ẹ má fi ọwọ́ yín tú u nítorí àlejò. Tó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má wá ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ máa dì í lé lórí. Ẹ̀yin akọ́ṣẹ́, tí wọ́n bá ń parọ́ mọ́ ẹnì kejì yín, ẹ má wolẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó kà á.

Ẹ ó máa rò pé ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìyá ọmọ na fóònù sí i. Rárá o. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù tirẹ̀, ó pa fọ́tò náà rẹ́.