Ìbọn Tí Kò Ní Irin Lẹ́yìn

Lẹ́yìn ìsìnkú Boaz, Olúgbémi, olórí ẹ̀ṣọ́ ọdẹ ní Àpòmù, pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ síwájú ilé rẹ̀. Ó ti lọ sí Ìkirè láàárọ̀, kò sì tètè dé. Nígbà tó dé, ó yọ ìbọn ìléwọ́ kan nínú àpò, ó gbé e lé orí àpótí láàárín wọn.

"Àwọn tó pa Boaz ló já èyí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá lọ," ó ní. "Òun la máa fi búra lónìí."

Kò sí ẹni tó béèrè ìdí. Boaz ló ṣáájú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó gba àárín oko kòkó lọ sí ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, kí wọ́n lè ká àwọn ajínigbé mọ́ ibùba wọn. Àwọn ajínigbé ti lúgọ dè wọ́n. Inú ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ara Àbídì ni gbogbo ojú wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bàbá rẹ̀ ló wá dá oko sí ìtòsí Ìkòyí. Òun àti Boaz ti jà lórí ààlà oko, ìjà náà ò sì tíì tán nílẹ̀ kí Boaz tó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á, Àbídì kò bá wọn lọ. Ó ní Hameedat, ìyàwó òun, ń rọbí.

"Èmi ni mo fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sí ọsibítù," Ọlámijù wí. Ọ̀rẹ́ Àbídì ni láti kékeré, òun náà sì wà nínú ẹgbẹ́. Àwo kan náà ni wọ́n fi jẹun dàgbà. "Mo já wọn sílẹ̀ tán ni mo tó lọ wá epo. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ pé obìnrin náà bímọ."

"A mọ̀," Olúgbémi dáhùn. "Ṣé kò sí fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọsibítù ni?"



Wọ́n ń gba ìbọn náà lọ́wọ́ ara wọn wò. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì fúyẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu. Ṣakabùlà tí wọ́n bá láyé ní irin kan lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti fa irin yẹn sẹ́yìn, kí oníkálukú yáa sá. Bí irin bá ti sùn, ìbọn náà sùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí irin kankan níbẹ̀.

"Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti já dà nù," àgbà ọdẹ kan wí, ó sì ń yọjú wo ẹnu ìbọn náà bí ẹni ń wo inú kànga. "Òkú ìbọn ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Ọlámijù, ó ní epo ọ̀kadà wà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n gbé e kọjá. Ó sì sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìbúra ẹgbẹ́ wọn kò ní wàhálà. Wọ́n á kọ́kọ́ rí i pé irin ẹ̀yìn ìbọn ti sùn. Ẹni tó fẹ́ búra á fi ẹnu ìbọn sẹ́nu, á pe Ògún lẹ́rìí nínú ọkàn rẹ̀, á sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa irin ìsàlẹ̀, nítorí ṣakabùlà gùn. Wọ́n ní bí ó bá purọ́, irin tó sùn á jí. Kò jí rí lójú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ̀ láti búra ni wọ́n ń lé, tòun tìdílé rẹ̀, kúrò nílùú.

"Bàbá, Mùsùlùmí ni," Ọlámijù wí. "Ẹ jẹ́ kó fi Kùránì búra."

"Ó ti fi Kùránì búra lójú mi," Jemima, opó Boaz, dáhùn láti ibi tó jókòó sí. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù lára irin?"

"Kó fi àdá búra nígbà náà! Ṣé àdá kì í ṣe irin ni?"

"Ọlámijù," Olúgbémi wí, "ṣé ìwọ lo fẹ́ bá a búra ni?"

Àbídì dìde. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pamọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Fi mí sílẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi lọ́mọ apànìyàn."

Ó gbé ìbọn náà. Èyí ò tiẹ̀ nílò ẹsẹ̀, ọwọ́ ti tó o. Ó ní "Bisimilááì", ó sì fi ẹnu ìbọn sáàárín eyín rẹ̀. Ìka rẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ń fà.

Ọlámijù fò dìde, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ìbọn náà sì já bọ́ sílẹ̀.

"Má fà á! Inú ni irin tiẹ̀ wà! Irú ìbọn yìí kì í sùn, ọta ti wà lẹ́nu rẹ̀!"

Jemima figbe ta. Àbídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ọlámijù sì dì mọ́ ọn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn àgbà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wọ́n tún sin òkú mìíràn.

"O gbà mí lọ́wọ́ ikú," Àbídì ń wí. "O gbà mí."

Olúgbémi, tí àna rẹ̀ kan tó jẹ́ ṣọ́jà ní Ìkirè ti bá yọ gbogbo ọta inú ìbọn náà láàárọ̀, tó sì sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú rẹ̀ jáde ni, kò tíì dé ọwọ́ ọdẹ kankan lágbègbè wọn, bẹ̀rẹ̀ mú ìbọn náà nílẹ̀, ó sì rọra bi Ọlámijù pé, "Ta ló fi í hàn ọ́?"