Àdúgbò Tí Díńgí Mú Ìyá Rẹ̀ Dé Sí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ń pín ìtàn kiri láì kà á. Ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín kọ ọ́.

1.
Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Díńgí, torí pé díńgí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ojú ìyá yìí kan ti lọ, èkejì sì ti ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n wá gbọ́ pé dókítà ojú kan máa ń ti òkèèrè wá sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá, lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, àti pé ó lè gba èyí tó kù là. Wọ́n fi orúkọ màmá sílẹ̀. Wọ́n ní kó wà lórí bẹ́ńṣì ní kùtùkùtù. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò sí níbẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó béèrè ojú. "Ibo lẹ máa dé sí?" ni gbogbo wọn ń bi í.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn ti ba ilé jẹ́ ju iná lọ.

2.
Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ kan ń gbé ìlú náà. Alágbàfọ̀ ni, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn gan-an sì ni yàrá rẹ̀ wà. Ó pe Díńgí lórí fóònù.

"Bùọ̀dá mi, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún Màmá. Tí wọ́n bá húkọ́ nínú yàrá mi, àwọn nọ́ọ̀sì á ní pẹ̀lẹ́."

"O ṣeun. Àmọ́ àdúgbò yín yẹn..."

"Kí ló ṣe é?"

"Ṣé àwọn mẹkáníìkì tó máa ń gbá irin yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà. Wọn kì í tún ojú ṣe, ẹ fọkàn balẹ̀."

Díńgí ní òun á rò ó. Kò rò ó. Ó ti gba yàrá ní òdìkejì ìlú, ní àdúgbò àwọn olówó lórí òkè, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ máa ń kún èèyàn lẹ́nu. Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé láti fèrèsé yàrá náà, gbogbo ìlú lèèyàn á máa rí.

Ó gba yàrá tí wọ́n ti ń wo ìlú fún ẹni tí kò ríran dáadáa. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

3.
Wọ́n dé yàrá, ó ṣí fèrèsé.

"Màámi, ẹ wá wo ìlú."

"Ó dáa?"

"Ó rẹwà gan-an."

"Ilé ìwòsàn ńkọ́? Ṣé o rí i?"

"Ó wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kùrukùru yẹn."

Màmá ní, "Tí ìwọ tó o ríran ò bá rí i, a jẹ́ pé ó jìnnà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà nígbà tó ń ya fọ́tò? Ó ní kí màmá rẹ́rìn-ín. Màmá rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé.

4.
Ilẹ̀ mọ́, wọ́n jáde síwájú géètì. Ọkọ̀ kankan ò kọjá. Èyí tí Díńgí fi fóònù pè ní òun ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ títí dòní.

"Ọkọ̀ wo lẹ ń dúró dè?" géètìmáànù bi í.

"Èyíkéyìí."

"Kò sí èyíkéyìí níbí, ọ̀gá. Kálukú ló ní tirẹ̀."

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Àdúgbò tí gbogbo èèyàn ti ní mọ́tò, ẹnikẹ́ni kì í dúró de ọkọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ti dúró de ọkọ̀, kí lọkọ̀ fẹ́ wá ṣe débẹ̀? Díńgí di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Màmá ń fi bàtà wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé títì, gbogbo ìlú ti wọlé sínú ọkọ̀ ṣáájú wọn.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá alágbàfọ̀, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ló lọ jókòó sí àyè màmá lórí bẹ́ńṣì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ, á ní, "Wọ́n ń bọ̀." Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní, "Àǹtí, ojú là ń tọ́jú níbí, a kì í tọ́jú àyè." Wọ́n mú ẹlòmíì.

Díńgí bẹ nọ́ọ̀sì náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ló jìn."

"Ibo lẹ dé sí?"

Ó dárúkọ àdúgbò náà.

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"



5.
Dókítà padà wá lọ́dún kejì. Àìsàn náà ní tiẹ̀ ò lọ ìsinmi. Dókítà tan iná sí ojú màmá, ó wò ó, ó paná. "Ká ní èṣí ni," ló wí. Ojú kejì náà ti lọ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni wọ́n dé sí lọ́tẹ̀ yìí, màmá ò sì bá Díńgí padà. Ó ń fọwọ́ wá aṣọ tí bọ́tìnì rẹ̀ já láàárín aṣọ àwọn oníbàárà. Alágbàfọ̀ á ki òwú bọ abẹ́rẹ́, màmá á rán an. Nígbà tó ṣe, Díńgí wá mú un.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà."

"Níbí, tí mo bá pe èèyàn, ìtòsí ló ti máa ń dá mi lóhùn."

Òwú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tán. Ó na abẹ́rẹ́ náà sí alágbàfọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kì í ṣe sí ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò sí ìlú ńlá, mò ń kìlọ̀ fún yín: ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí lẹ ń lọ ṣe, kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa dé sí. Ẹ má torí ẹnu àwọn tó wà nílé yan àdúgbò. Wọn ò ní bá yín rìn ín. Tí ẹbí yín bá sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítòsí ibi tí ẹ ń lọ, ẹ lọ sùn síbẹ̀, kí mẹkáníìkì máa gbá irin lọ.

Àwọn àgbà ní, fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ni lọ. Díńgí ò dé oko olówó kankan. Ojú ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ìwọ̀fà.